ÌLÀ ẸLẸ́RÌÍ: Ohun Tí Ìlà C Lè Sọ fún Wa, àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

 Bí owó wa ti ń pọ̀ sí i nínú àpò ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ara wa máa le sí i, nítorí àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán pé ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò lè dé ìsọ̀. Ẹni tí kò dé ìsọ̀ kò ní rí owó dá lóṣù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ojú ewé sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìlera.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ tòní nìyí. Ní òpin ìpàdé wa kan, nígbà tí Akápò ti ka owó tán tí kálukú sì ń wá bàtà rẹ̀, ìyá kan láàrin wa tó ń ta aṣọ yọ nǹkan kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Ike funfun pẹlẹbẹ kan ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ike àyẹ̀wò ibà ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn olóògùn òyìnbó. Ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbóná mọ́jú. Ó ra ike náà, ó gún ọmọ ní ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ó sì dúró dè é.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ìlà kan ló yọ. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Kí n tó la ẹnu, àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Bàbá kan tó jẹ́ oníkòkó ní, "Ìlà kan kẹ̀? Kò síbà níbẹ̀ nìyẹn. Ìlà méjì ni ibà." Ìyá aláta tó jókòó tì í ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Bí ìlà bá ti yọ, ibà ti wà nìyẹn. Bí ibà ò bá sí, níbo ni ìlà ti máa yọ?" Ẹnì kẹta ní kí wọ́n ṣáà lọ ra oògùn ibà fún ọmọ, pé kò sí ohun tó lè ṣe é.

Mo gba ike náà, mo gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ìlà kan yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà T ló yọ sí. Ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà C funfun báláú. Àwọn méjèèjì tó ń jiyàn ni kò tọ̀nà. Ike náà kò sọ pé ibà wà. Kò sọ pé ibà kò sí. Kò sọ nǹkan kan rárá, àfi bí ìwé ẹ̀rí owó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí.

A ní kí Màmá gbé ọmọ lọ sí ilé ìlera kíákíá. Wọ́n fi ike tuntun yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò. Ìlà C yọ, T kò yọ. Nọ́ọ̀sì wá fara balẹ̀ yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé etí ló ń dun ọmọ, ọyún ti wà nínú rẹ̀. Ká ní a tẹ̀lé ìyàn wa lọ́jọ́ náà ni, à bá máa fún ọmọ ní oògùn ibà nílé, kí etí rẹ̀ sì máa bàjẹ́ lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo rò ó títí lẹ́yìn ìpàdé náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra irú ike yìí. Àwọn kan nínú wa ń tà á. Àwọn ọmọbìnrin wa ń ra ti oyún. A rí ti àrùn kòrónà láti ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní lẹ́tà C lára, ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló mọ iṣẹ́ tí C ń ṣe? Mo pè é ní ìlà ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí a mọ ẹ̀rí tó lè jẹ́, kí a sì mọ èyí tí kò lè jẹ́.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ IKE NÁÀ?

Bí a bá tú ike náà, ìwé funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan la máa bá nínú rẹ̀. Ìwé náà ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Kò sí bátìrì, kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ kankan. A kán ẹ̀jẹ̀ sí ihò tirẹ̀, a kán omi tó bá ike náà wá sí ihò tirẹ̀, omi náà á sì gbé ẹ̀jẹ̀ rìn láti ìdí ìwé dé òkè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn, àwọn tó ṣe ike náà ti kó àwọn ọmọ-ogun kékeré kan síbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ mọ́ ìwé. Irú ọmọ-ogun tí ara èèyàn fi ń bá àrùn jà ni wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: èròjà kan tí kòkòrò ibà máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ike ibà tí à ń lò ní Nàìjíríà, orúkọ èròjà náà ni HRP2. Bí omi bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ-ogun náà á tú kúrò lójú kan, wọ́n á bá omi rìn lọ. Bí wọ́n bá bá èròjà ibà pàdé nínú omi, wọ́n á dì í mú.

Ojú lásán kò lè rí wọn, nítorí náà wọ́n ti kọ́kọ́ pa wọ́n láró. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ìlú aró, ẹ ò ní bá mi jiyàn lórí ohun tí aró lè ṣe. Ṣùgbọ́n aró ibí yìí kì í ṣe ti ẹ̀lú o. Wúrà ni! Wúrà gidi, irú èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Ìtagunmódì, ní Igun àti ní Ìpẹ́rindó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa níhìn-ín. Bí wúrà bá kéré débi pé ojú kò rí ẹyọ rẹ̀ mọ́, tó wà káàkiri nínú omi, kì í ní àwọ̀ òrùka àti yẹtí mọ́. Pupa ló máa ń dà. Ìlà pupa tí ẹ ń rí lára ike, wúrà tó kó jọ sójú kan ni. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń lo ike aláwọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀ dípò wúrà, ìyẹn ni ìlà àyẹ̀wò oyún mìíràn ṣe máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ẹ má rò pé iye wúrà náà tó ohun tí èèyàn lè tà. Kò tó o!

Lójú ọ̀nà, ibi méjì ni wọ́n to àwọn adènà sí. Ibi àkọ́kọ́ ni T. Àwọn adènà tó wà níbẹ̀ mọ èròjà ibà. Bí ọmọ-ogun aláró bá gbé èròjà ibà dání dé ibẹ̀, àwọn adènà á gbá èròjà náà mú, ọmọ-ogun tó dì í mú kò sì ní lè kọjá. Bí wọ́n ti ń kó jọ síbẹ̀ ni ìlà á máa pọ́n. Bí kò bá sí ibà nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ-ogun aláró á kọjá lọ ní tirẹ̀, T á sì funfun.

Ibi kejì, tó wà níwájú T, ni C. Àwọn adènà C kò mọ ibà rárá. Ọmọ-ogun aláró fúnra rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ì báà gbé ibà dání, ì báà má gbé nǹkan kan, bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á dá a dúró. Nítorí náà, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ìlà C gbọ́dọ̀ yọ, ibà ì báà wà, ibà ì báà má sí.

ÌRÁNṢẸ́ LÁTI ÒṢOGBO SÍ ILÉṢÀ

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà tí a mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní mo rán ogún ọmọ láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, kí wọ́n gba Ìbòkun kọjá. Mo ní kí wọ́n máa wá ẹni kan tó jẹ ẹgbẹ́ lówó lójú ọ̀nà. Mo fi èèyàn kan sí Ìbòkun, mo ní, "Bí ọmọ kan bá mú onígbèsè náà bọ̀, dá àwọn méjèèjì dúró, kí o sì ta àsíá pupa." Mo fi ẹlòmíràn sí ẹnu ibodè Iléṣà, mo ní, "Ìwọ, má béèrè onígbèsè. Bí o bá ti rí àwọn ọmọ wa, ta àsíá tìrẹ."

Nígbà tó yá, àsíá Iléṣà ta, ti Ìbòkun kò ta. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa rìn, wọ́n gba Ìbòkun kọjá, wọn ò sì rí onígbèsè. Bí àsíá méjèèjì bá ta, wọ́n rìn, wọ́n sì rí i. Bí àsíá kankan kò bá ta ńkọ́? Ṣé kí n sọ pé onígbèsè kò sí? Rárá o. Bóyá àwọn ọmọ wa sùn sí ìdí igi, tí wọn ò tilẹ̀ kúrò ní Òṣogbo. Bí ti Ìbòkun nìkan bá sì ta, tí ti Iléṣà kò ta, nǹkan kan ti dàrú lójú ọ̀nà. Mi ò ní gba ìròyìn Ìbòkun gbọ́, mi ò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Màá rán àwọn mìíràn ni.

Bí a ti ń ka ike náà nìyẹn:

C nìkan yọ: àyẹ̀wò ṣiṣẹ́, kò rí ibà.

C yọ, T náà yọ: àyẹ̀wò ṣiṣẹ́, ó rí ibà. Bí T bá ṣe bàìbàì, ìlà ni. Bí ó bá ti yọ láàrin àsìkò tí ìwé rẹ̀ sọ, ẹ kà á kún ìlà. Àwọn ike mìíràn ní ju T kan lọ, ẹ wo ìwé inú páálí rẹ̀.

T nìkan yọ, C kò yọ: àyẹ̀wò bàjẹ́. Ẹ sọ ọ́ nù.

Ìlà kankan kò yọ: àyẹ̀wò bàjẹ́. Ẹ sọ ọ́ nù.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló léwu jù lọ, nítorí ojú tó wo ike funfun lè sọ pé, "Ọlọ́run ṣeun, kò sí nǹkan kan." Ẹ jọ̀ọ́, àìsí ìlà kì í ṣe àìsí àrùn. Bí ike bá bàjẹ́, ẹ má ṣe kán ẹ̀jẹ̀ tàbí omi kún un. Ike tuntun ni kí ẹ lò, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tuntun àti ẹ̀jẹ̀ tuntun.

OHUN TÍ ẸLẸ́RÌÍ NÁÀ KÒ RÍ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa. Bí ẹnì kan bá jẹ́rìí ní kóòtù, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló lè sọ. Ìlà C rí ohun méjì péré: pé omi rìn kọjá T dé ọ̀dọ̀ òun, àti pé àwọn ọmọ-ogun aláró ṣì wà láàyè tí aró wọn kò ṣí. Ohun tó kù, kò sí níbẹ̀.

Èkínní, nínú àyẹ̀wò ibà, ìlà C kò mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó. Kódà, kò mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà rárá. Bí èèyàn bá kán omi inú ìgò nìkan sí ike láìfi ẹ̀jẹ̀ sí i, C lè yọ dáadáa. Ẹni tí kò fi ẹ̀jẹ̀ tó sí i á rí ìlà C tó pọ́n rokoṣo, á sì máa yọ̀ pé kò síbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ohun kékeré tí a ó fi fa ẹ̀jẹ̀ sínú páálí. Ẹ fa á dé ojú àmì rẹ̀. Iye ẹ̀kán omi tí ìwé sọ náà ni kí ẹ kán, ẹ má dín in, ẹ má fi jára. A kì í fi omi ike kan ṣe ike mìíràn, bí olóògùn bá tilẹ̀ sọ pé ìkan náà ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́rìí ló rí bákan náà o. Àyẹ̀wò HIV kan wà tí èèyàn lè fi ṣe ara rẹ̀ nílé, OraQuick lorúkọ rẹ̀. Kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Èèyàn á fi ìdí rẹ̀ nu erìgì òkè àti ti ìsàlẹ̀, á sì tì í bọ inú omi rẹ̀. Nínú ti OraQuick, ohun tí adènà C ń wá jẹ́ ohun tó wà lára gbogbo èèyàn. Bí èèyàn kò bá fi nu ẹnu rárá, C kò yẹ kó yọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní ọdún 2017. Síbẹ̀, bí ìlà méjì bá yọ níbẹ̀, kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Ilé ìwòsàn ló máa tún un ṣe kó tó dájú. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn náà lè máà rí ìlà T títí oṣù mẹ́ta.

Èkejì, ìlà C kò lè sọ pé T ṣì dára. Àwọn adènà T yàtọ̀ sí ti C. Ooru tó pọ̀ lè ba T jẹ́ kí C má tíì bàjẹ́. Ìyẹn ni pé ike tó ti wà nínú bùùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án fún ọjọ́ pípẹ́ lè fi ìlà C tó dára hàn wá, nígbà tí kò lágbára mọ́ láti rí ibà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìlà C kò mọ aago. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ibà, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni a fi ń dúró. Bí a bá tètè kà á, T lè máà tíì yọ. Bí a bá ṣe é lálẹ́ tí a wá kà á láàárọ̀, ìlà bàìbàì tí kì í ṣe òótọ́ lè ti yọ sójú T nígbà tí ìwé ń gbẹ. Ẹ kọ àsìkò sára ike kí ẹ tó kán ẹ̀jẹ̀. Bí àsìkò bá ti kọjá, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má gbé e wá sí ìpàdé!

Ẹ̀kẹrin, ìlà C kò mọ ìtàn aláìsàn. Èròjà HRP2 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò ibà tán. Ẹni tó lo oògùn dáadáa níjọ́ sí lè tún rí ìlà méjì lónìí, kó máa bú olóògùn pé ayédèrú ló tà fún òun. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ìgbà tí ẹ lo oògùn ibà kẹ́yìn.

Ẹ̀karùn-ún, tó sì ju gbogbo rẹ̀ lọ, ike ibà kò mọ àìsàn mìíràn yàtọ̀ sí ibà. C nìkan kò túmọ̀ sí pé ara ọmọ yá. Etí lè máa dùn ún, ẹ̀dọ̀fóró lè wú, ìtọ̀ lè ní àrùn. Bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí kò bá lè la ojú, ẹ má dúró ka ìlà kankan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ỌLỌ́JÀ WA

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ta oògùn, láti Ọjà Ọba ní Òṣogbo dé ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, ọwọ́ yín ni òótọ́ ike náà wà kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n ooru tó lè gbà sí. Àwọn kan kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 30 lọ, àwọn mìíràn lè gba 40. Ẹ̀yin náà mọ bí abẹ́ páànù ti ń rí ní oṣù kejì àti ìkẹta nígbà tí òrùn bá wà ní àtàrí. Ẹ má kó o sí pẹpẹ òkè lábẹ́ páànù. Ẹ má tò ó sí ẹnu ìsọ̀ níbi tí òrùn ti ń pa á nítorí kí oníbàárà lè rí i. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, nínú páálí, jìnnà sí ògiri tí òrùn ń bà. Ẹ má sì gbé e sínú yìnyín.

Àpò dídán tí ike wà nínú rẹ̀ kì í ṣe fún ẹwà. Ọ̀rinrin ló ń dènà. Àpò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa ọ̀rinrin. Kì í ṣe ohun jíjẹ, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu. Bí àpò dídán bá ti ya, tàbí tó ti lu, ike náà ti bàjẹ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ tíì tó ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ má tú u títí ẹ ó fi ṣe tán láti lò ó. Ní àsìkò òjò wa yìí, ike tí a tú sílẹ̀ láti àárọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nírọ̀lẹ́.

Bí oníbàárà bá dá ike padà pé C kò yọ, ẹ má bá a jà. Ó lè jẹ́ pé kò kán omi tó. Ẹ fún un ní òmíràn, kí ẹ fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn án. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ké irú igbe kan náà lórí páálí kan náà, ẹ dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, ẹ kọ nọ́ńbà ara páálí náà sílẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Owó páálí kan kò tó owó orúkọ rere.

ẸLẸ́RÌÍ TI ÀTỌ̀GBẸ

Àwọn àgbà wa tó ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré wọn ṣúgà nílé, lè máa bi mí pé, "Akọ̀wé, tiwa kò ní C lára o." Òótọ́ ni. Ẹlẹ́rìí tiyín wà nínú ìgò. Omi kan wà tí wọ́n ń ṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti mọ iye ṣúgà tó wà nínú rẹ̀. A ó kán an sí ìwé ẹ̀rọ náà dípò ẹ̀jẹ̀. Iye tí ẹ̀rọ bá kà gbọ́dọ̀ bọ́ sáàrin iye méjì tí wọ́n kọ sára agolo ìwé náà. Bí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má fi ẹ̀rọ náà pinnu oògùn tí ẹ máa lò.

Ẹ̀yin oníkòkó, ẹ ti mọ èyí tipẹ́. Kí a tó gbé àpò kòkó sórí òṣùwọ̀n, ẹni tó bá gbọ́n á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òkúta ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ bó ti wúwo tó sórí rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá purọ́ lórí òkúta, á purọ́ lórí kòkó. Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìwé tuntun, tàbí tí ẹ̀rọ bá já bọ́ nílẹ̀, tàbí tí iye tó kà kò bá bí ara yín ti rí mu, ẹ dán an wò.

ỌWỌ́ ÌYÁ LÓ WÀ

Àwọn kan nínú wa lè sọ pé wàhálà yìí pọ̀ jù, pé láyé àtijọ́ bí ara bá ti gbóná, ibà ni. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò fún ẹni tí wọ́n bá fura sí kí wọ́n tó fún un ní oògùn ibà. Wọn ò sọ pé ibà ti dínkù tán nílẹ̀ wa o. Nínú ìwé tí àjọ náà tẹ̀ ní ọdún 2023, nínú gbogbo ibà tó ṣe aráyé ní ọdún 2022, bí 27 nínú 100 ló jẹ́ ti Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ibà ń ṣe ni kó lo oògùn ibà, kí a sì wá ohun tó ń ṣe ẹni tí kò ní in.

Bí ìyá bá sì di ohun ìlera ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ káàdì kan tí wọ́n fi ń ya bí ọmọ ti ń wúwo sí i lóṣooṣù. Kò kó káàdì náà pamọ́ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ló fi lé lọ́wọ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n káàdì yẹn kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ohun tí ìlà rẹ̀ ń sọ. Àwọn nọ́ọ̀sì jókòó ti àwọn ìyá, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ti ń kà á.

Bí ike inú báàgì wa náà ti rí nìyẹn. Ẹ máa wo C kí ẹ tó wo T. Bí C kò bá yọ, ẹ má gba ohunkóhun gbọ́ lára ike náà. Bí C bá yọ, ẹ gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ níwọ̀n ibi tí ojú rẹ̀ tó, kí ẹ sì gbé aláìsàn tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Abẹ́rẹ́ kan, ẹnì kan. Ẹ má dà á sílẹ̀ níbi tí ọmọdé á ti tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Màmá aláṣọ ti ń sáré kiri inú ọjà báyìí. Bàbá oníkòkó àti ìyá aláta ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ìlà kan ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ike kan tí kò yé e, kí ó mú ìwé inú páálí rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a ó jọ kà á. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.